Ajá kò "eat" ọmọ yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ajá aládùúgbò wa ní Ìkéré-Èkìtì bu ọmọ mi jẹ ní itan. Mo kọ lẹ́tà sí onílé pé "My neighbour's dog ate my son." Ẹ̀rín ni bàbá bú sí, wọ́n ní ṣé ajá ti gbé ọmọ náà mì ni. Báwo ni ǹ bá ṣe kọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Kí n tó dé orí Gẹ̀ẹ́sì: ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lónìí fún abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ ajá dìgbòlugi kò ní dúró kí onílé rẹ́rìn-ín tán.

"Jẹ" ló tàn yín. Ẹ̀fọn ń jẹ wá, ìjàlọ ń jẹ wá, àwa náà sì ń jẹ iyán. "Eat" ti àwọn Òyìnbó kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá "eat" ti wọ ikùn lọ. Ọmọ kan kọ ọ́ rí ní kíláàsì mi l'Ádó pé "Soldier ants ate my father." Gbogbo kíláàsì ló kí i kú ọ̀fọ̀!

"Bite" lẹ ń wá. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ kọjá, ó di "bit". Lẹ́yìn "was" tàbí "has", ó di "bitten". Ẹ kọ ọ́ báyìí: "My neighbour's dog bit my son on the thigh." Ẹ má ṣe kọ "snapped at", torí ìyẹn ni pé ajá la ẹnu sí i, bóyá eyín kò tilẹ̀ bà á. "Nipped" náà kéré jù, bí ẹni pé ó kàn fi eyín já a lára fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó ni ajá lè fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ajá bá deyín mọ́ itan ọmọ tí kò jù ú sílẹ̀, ẹ lè sọ pé "It sank its teeth into his thigh and would not let go."

Oyin àti àkekèé tó ń ta ènìyàn, "sting" ni tiwọn. Ẹ̀fọn tí kò léyín rárá, "bite" ni wọ́n fún un. Èmi kọ́ ni mo ṣe èdè wọn.

Bí ọmọ bá fi eyín tẹ eyín nígbà tí wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, tó mú un mọ́ra, "He gritted his teeth" nìyẹn. Ẹni tó ń payín keke pẹ̀lú ìbínú ló ń "gnash". Ẹni tí wọ́n bá sì ní kó "bite" ahọ́n rẹ̀, kì í ṣe pé kó gé e jẹ. Kó pa ẹnu mọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá wúlò fún onílé yín.

Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tó ṣẹlẹ̀ sínú lẹ́tà tuntun náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ọsibítù mọ́ ọn.