Ìdàrọ́ tí wọ́n ń dà sẹ́yìn ilé mi

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń da ìkòkò alumíníọ̀mù ní àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ níbí ń kó ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tí wọ́n ń kó kúrò lójú alumíníọ̀mù yíyọ́, àti yanrìn dúdú wọn wá dí àbàtà ẹ̀yìn ilé mi. Tí òjò bá ti rọ̀, ibẹ̀ á máa rùn bí ìtọ̀ àná, ojú á sì máa ta wá. Ìṣísẹ̀ ogún ni sí kànga mi. Wọ́n ní iná ti jó gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀, pé kò léwu mọ́. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, mo kí yín, mo kí àwọn ẹ̀jìrẹ́. Kì í ṣe òótọ́ rárá. Ọdún 19 ni mo fi da ìkòkò. Ohun tí wọ́n sọ fún yín yìí náà ni ọ̀gá mi sọ fún mi, mo gbà á gbọ́, gọ́tà tó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà ni mo sì ń da tèmi sí. Ó ń dùn mí títí dòní.

Imú yín ò tàn yín jẹ. Bí iná bá gbóná dé 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, alumíníọ̀mù á yọ́, ìdàrọ́ á sì bo ojú rẹ̀ bí ìhó ṣe ń bo ọbẹ̀ ẹran. Èyí tí a kó kúrò yẹn kò tíì kú. Bí omi bá kàn án, á gbóná fúnra rẹ̀, gáàsì amóníà á jáde. Òun ni ẹ ń gbọ́ bí ìtọ̀. Gáàsì mìíràn tó lè gbiná náà ń bá a jáde, kò sì ní òórùn. Ọmọṣẹ́ mi kan da omi sórí òkìtì ìdàrọ́ gbígbóná kó lè tètè tutù. Ó bú gbàù, ó jó o lápá.

Síbẹ̀, òórùn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń yọ́. Bí wọ́n bá ń tú bátìrì ọkọ̀ nítorí òjé (lead) inú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀. Ooru 327 péré ti tó yọ́ òjé. Eruku rẹ̀ á bà sílẹ̀, ọmọdé á fọwọ́ kàn án, á fi ọwọ́ náà jẹun. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ọmọ 18 ni òjé bátìrì pa láàrin oṣù Kọkànlá 2007 sí oṣù Kẹta 2008. Ọmọ méjìdínlógún!

Ẹ má mu omi kànga yẹn mọ́, ẹ má sì fi se oúnjẹ. Sísè kì í lé òjé kúrò nínú omi. Bí ẹ bá gbin tẹ̀tẹ̀ sí tòsí òkìtì náà, ẹ fà á tu. Aṣọ tútù ni kí ẹ máa fi nu ilẹ̀ ilé, ọwọ̀ gbígbẹ ń gbé eruku dìde ni. Kí ẹ gbé àwọn ìbejì lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ dárúkọ òjé fún wọn o, torí bí ẹ ò bá dárúkọ rẹ̀, ibà ni wọn yóò máa wá.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ náà, ẹ má bá wọn jà. Ẹ sọ fún ọ̀gá wọn pé owó ló ń dànù, torí alumíníọ̀mù gidi ṣì wà nínú ìdàrọ́ yẹn. Kó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ òrùlé, lórí sìmẹ́ńtì, níbi tí òjò ò ti ní kàn án, kó ṣa èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù gidi nínú rẹ̀, kó tún un yọ́. Yanrìn náà ṣeé jọ̀, kó sì tún fi da ìkòkò mìíràn. Bí kò bá gbọ́, ẹ tún kọ̀wé sí mi. Èmi fúnra mi á wá jókòó tì í lẹ́bàá ẹwìrì rẹ̀.