Retina bàbá yín kò nílò epo

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Bàbá mi fi kámẹ́rà Kodak Retina IIIc kan sílẹ̀ fún mi, èyí tó máa ń pa dé bí àpótí kékeré. Mo ra fíìmù tuntun sí i, mo sì ń yàwòrán lọ jẹ́jẹ́, àfi bí nọ́mbà orí rẹ̀ ṣe dé 1 tí ọwọ́ irin tí a fi ń yí fíìmù kò lọ mọ́. Arákùnrin tó ń bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní inú rẹ̀ ti dípẹtà, pé kí n jẹ́ kí òun fọ́n epo sí i. Mo rí fídíò kan tó sọ bẹ́ẹ̀ náà. Irú epo wo ló dáa jù fún kámẹ́rà Amẹ́ríkà àtijọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ gba agolo epo náà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ka ìyókù.

Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, ó jọ pé kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà yín. Ẹ̀yìn ni Retina ń kà sí. Tí ẹ bá ki fíìmù oníàwòrán 36 sí i, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé nọ́mbà sí 36, á wá máa dín kù: 35, 34, 33. Tó bá dé 1, ó gbà pé fíìmù ti tán, á sì ti ara rẹ̀ pa. Ẹ̀yin ò gbé e, ibi tí bàbá bá a dé lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá bọ́tìnì kékeré tí wọ́n fi ń dá nọ́mbà padà, kí ẹ yọ iye tí ẹ ti yà kúrò nínú 36, kí ẹ gbé e síbi tó kù. Retina kan yàtọ̀ sí èkejì nídìí èyí, nítorí náà ìwé ìlò ti IIIc gan-an ni kí ẹ kà. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ o! Fíìmù yín ṣì wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á bà á jẹ́.

Tí ẹ bá ṣe èyí tán tí ọwọ́ irin náà ṣì le, ẹ dáwọ́ dúró. Irin eléyín tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń ta ṣọ́tà, ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń pa dé láàárín àwọn dígí, sílẹ̀ de yíyà, ibẹ̀ ló sì ti máa ń bàjẹ́ tí èèyàn bá fipá yí i. N kò rí kámẹ́rà náà sójú, mi ò lè búra pé eyín irin náà kò tíì jẹ.

Ní ti Amẹ́ríkà: Kodak ló ni orúkọ, àmọ́ Stuttgart ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe gbogbo Retina olùpadé wọ̀nyí, nílé iṣẹ́ tí August Nagel dá sílẹ̀. Àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1934, òun àti agolo fíìmù 35mm tí a ṣì ń rà dòní. Tiyín jẹ́ ti àárín 1954 sí 1957.

Ó kan epo. Kámẹ́rà tí epo pa tí wọ́n gbé wá bá mi pọ̀ ju èyí tí ogbó pa lọ.  Ṣọ́tà Synchro-Compur ni tiyín: àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gun orí ara wọn, tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí kí wọ́n sì pa dé láàárín ìdá kan nínú 500 sẹ́kọ́ǹdù. Gbígbẹ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Tí epo bá kàn wọ́n, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra bí abọ́ dígí méjì tí omi wà láàárín wọn, sípíríǹgì kékeré tó ń fà wọ́n kò sì ní lè yà wọ́n.

Ohun tó ń tan àwọn oní-fídíò jẹ ni pé ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Èròjà tó ń yọ́ ọ̀rá wà nínú epo agolo yẹn; ó rọ gírísì àtijọ́, kámẹ́rà sì jí. Wọ́n pa fídíò, wọ́n lọ. Nígbà tí èròjà yẹn bá fẹ́ lọ, epo òun gírísì òun eruku á kù síbẹ̀, á máa rá pálá lọ sórí àwọn ewé, lọ sí ẹ̀yìn dígí. Ọ̀pọ̀ IIIc ló ní Xenon f/2 ti Schneider, dígí tí mo fẹ́ràn gan-an, ẹ sì fẹ́ da epo sí i!

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣọ́tà nílò ìtọ́jú, ẹ yọ fíìmù tó bá tán, ẹ ṣí ẹ̀yìn, ẹ gbé e sí sẹ́kọ́ǹdù 1, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó gbọ́ kẹ̀rẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á sì pa dé. Bó bá ṣí tó dúró bẹ́ẹ̀, gírísì ló ti gan. Fífọ̀ ni oògùn ìyẹn: kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú u, kó fi epo láítà fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kó wá fi orí abẹ́rẹ́ kan epo aago sí ìdí àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tó wà níbẹ̀. Epo aago yẹn nìkan ló tọ́ kó kù síbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dé orí àwọn ewé. Ẹ má dán an wò nílé o, epo láítà a máa gbiná.

Tí ẹ bá sì fẹ́ pa kámẹ́rà náà dé, ẹ kọ́kọ́ yí dígí dé àmì ∞, kí ẹ tẹ bọ́tìnì òkè àti tìsàlẹ̀ pọ̀. Bí kò bá wọlé, ẹ tún àmì náà wò. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ tì í.