Ṣé dandan ni ká rí ohun tó pín nọ́ńbà ńlá ká tó mọ̀ pé ó ṣeé pín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi tó wà ní SS 2 gbé nọ́ńbà yìí wá bá mi: 147573952589676412927. Wọ́n ní kó sọ bóyá nọ́ńbà kankan lè pín in láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù mi, 1.4757395E20 ló gbé jáde. Báwo la ṣe máa ṣe é? Èmi ìyá rẹ̀ ni.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Ẹ pa ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yẹn tì ná. E20 tí ẹ rí yẹn, ó ti gé ìparí nọ́ńbà náà dànù torí àyè kò gbà á. Ìparí yẹn gan-an la sì nílò. Bí ẹ bá fi èyí tó kù ṣe ìṣirò, irọ́ ni yóò pa fún yín.

Àyẹ̀wò kéékèèké kì í pẹ́. 7 ló gbẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà 2 àti 5 kò lè pín in. Bí a bá ro díjíìtì rẹ̀ mọ́kànlélógún pọ̀, 109 ni. 3 kò pín 109, kò sì lè pín òun náà. Àmọ́ tí ẹ bá ní kí ẹ máa dán an wò báyìí lọ, ẹ ó kọjá bílíọ̀nù 12 kí ẹ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ohun tó pín in. Ta ló ráyè ìyẹn?

Ọ̀nà kan wà tí kì í wá ohun tó pín nọ́ńbà rárá. Ẹ mú 7, tí í ṣe práìmù, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí ohunkóhun kì í pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ẹ yọ 1 kúrò, ó ku 6. Ẹ kọ 2 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2, ó jẹ́ 64. Ẹ fi 7 pín 64, 1 ló ṣẹ́kù. Gbogbo práìmù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi 2 fúnra rẹ̀. Ẹ wá mú 9. Bí 2 bá di mẹ́jọ, 256 ni wọ́n jẹ́. Ẹ fi 9 pín in, 4 ló ṣẹ́kù. Ó tán! 9 ti tú àṣírí ara rẹ̀, a ò sì tíì dárúkọ 3. Láti 1640 ni Pierre de Fermat, ará Faransé, ti rí òfin yìí.

Nọ́ńbà ọmọ yín ní ìtàn, ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ kọ 2 sílẹ̀ nígbà 67, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ yọ 1 kúrò: òun nìyẹn. Lọ́dún 1644, àlùfáà kan ní Faransé, Marin Mersenne, kà á mọ́ àwọn práìmù. Lọ́dún 1876, Édouard Lucas fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó pín in. Ó di 1903 kí Frank Nelson Cole, ará Amẹ́ríkà, tó gbé e síta: 193707721 × 761838257287. Ọdún 27 gbáko ni ayé fi mọ̀ pé ó ṣeé pín, tí wọn ò mọ ohun tó pín in! Irú àlàfo yìí wà lára ohun tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí.

Nǹkan kan tún wù mí lára rẹ̀. Ohunkóhun tó bá pín irú nọ́ńbà yìí, bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì 67, ìyẹn 134, pín in, 1 gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ẹ yọ 1 kúrò lára 193707721, ẹ fi 134 pín in: 1445580 géérégé.

Ní ti iṣẹ́ ọmọ yín, kó fi n dúró fún nọ́ńbà náà nínú Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kó tẹ pow(3, n-1, n). Ìyẹn ni pé kó kọ 3 sílẹ̀ nígbà n-1, kó sọ wọ́n di púpọ̀, kó fi n pín in, kó sì gbé ohun tó ṣẹ́kù jáde. Bí ohun tó jáde kì í bá ṣe 1, ó ṣeé pín, ó parí. Kó má lo 2 o. Ara 2 la ti mú nọ́ńbà náà jáde, 2 kì í sì í tú àṣírí irú wọn. 1 ni yóò máa gbé jáde. Bí 1 bá sì jáde fún nọ́ńbà mìíràn, kó má tíì yọ̀: 341 náà ń gbé 1 jáde fún 2, bẹ́ẹ̀ 11 × 31 ni. Tí wọ́n bá fẹ́ àwọn tó pín in gan-an, kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ factor; kó tẹ nọ́ńbà náà tẹ̀ lé e, méjèèjì yóò jáde.