Ṣé kí àwọn ọmọ mi wo eré àtijọ́ tí wọn kò gé?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ Òǹdó ni mí, Leeds ni mo sì ń gbé. Màmá mi fi àwo Tom and Jerry àtijọ́ kan ránṣẹ́ láti ilé sí àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 8. Bí wọ́n ṣe ń wò ó ni wọ́n bi mí pé kí ló dé tí obìnrin dúdú tó ń ṣiṣẹ́ ilé nínú rẹ̀ fi ní ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ojú. Ọkọ mi ní kí n gbé àwo náà sọnù, nítorí pé àwọn tó ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ pàápàá ti ń gé ohun tó lè bí ènìyàn nínú kúrò. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, Houston ni mo ti ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé àwo náà sọnù. Òótọ́ ni pé àbùkù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí gígé ti ṣe sí obìnrin yẹn. Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi àwọn eré náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn kan, wọ́n sì ya obìnrin funfun tín-ín-rín dípò rẹ̀. Ohùn Lillian Randolph, òṣèré aláwọ̀ dúdú tó ń sọ̀rọ̀ fún un, sì bá a lọ. Àwọn ló yà wá láìní ojú, àwa ni wọ́n tún lé jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dá dúdú kékeré tó ń nu pátákò àwọn arẹwà tí wọ́n jẹ́ obìnrin lókè, ẹṣin nísàlẹ̀, nínú Fantasia, fíìmù Disney ti ọdún 1940, ṣe di àwátì láti ìgbà tí wọ́n tún gbé e jáde ní 1969. Ẹni tó bá wò ó lónìí kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fi wá ṣẹ̀sín rí.

Ọ̀nà tí Disney gbà ní 2020 sàn lójú mi: wọ́n kọ ọ́ síwájú fíìmù pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò dára nígbà náà, kò sì dára nísinsìnyí. Ní 2021, wọ́n mú Dumbo àti Peter Pan kúrò níbi tí àwọn ọmọdé ti ń dá wo fíìmù lórí ìkànnì wọn, Disney+, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ fún àgbà. (Àmọ́ ọmọ mélòó ló ń ka ìkìlọ̀?)

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ọmọ Òǹdó ju èmi lọ. Ìtàn ilé yín sọ pé ìbejì ni Pupupu, obìnrin tó kọ́kọ́ jọba níbẹ̀, àti pé nítorí ìbejì jẹ́ èèwọ̀ nígbà náà ni wọ́n ṣe lé òun àti ìyá rẹ̀ kúrò láàfin. Lónìí, ẹ ń fi ìbejì yangàn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gé èèwọ̀ yẹn kúrò nínú ìtàn, torí bí a bá gé e, kò ní yé ọmọ ohun tó gbé Pupupu débẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó ya àwòrán náà rò pé ilé ìdáná nìkan ni àyè wa. Ọmọ ọdún 8 lè gbọ́ ìyẹn. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 4, kò tíì wò ó. Mo fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwé àti pẹ́ńsù, mo ní kí wọ́n ya ojú obìnrin náà. Ọ̀kan wé gèlè fún un. Èkejì ya ìyá mi tó wà ní Àkúrẹ́, pẹ̀lú awò ojú rẹ̀.