Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ọkọ̀ Àtijọ́ Tó Ti Pẹ́ Nílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Jaguar E-Type mi tọdún 1963, onílítà 3.8, ti wà lójú kan fún oṣù mẹ́wàá. Ṣé kí n kàn yí kọ́kọ́rọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yí i. Ọ́ìlì ti ṣàn kúrò lára irin inú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá tàn án báyìí, irin ni yóò máa ha irin. Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó di ọjọ́ kejì. Ẹ wá fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì. Bó bá yí geere, ẹ jẹ́ kí sítátà yí i láìtíì dá pọ́lọ́ọ̀gì padà, títí atọ́ka ọ́ìlì yóò fi gbéra.

Ẹ fa epo bẹntiróòlù àtijọ́ dànù. Ó ti ń di oje nínú kábúrétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà epo tó bá ti sán, kí iná má bàa sọ.

Bátìrì ńkọ́? Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì yí i padà, orí pọ́sítíìfù ló so mọ́ ara ọkọ̀, òdìkejì ti òde òní.

Búréèkì ẹ̀yìn ló ń bà wá lẹ́rù jù. Kò sí nídìí táyà. Ẹ̀gbẹ́ difaransá, jíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ló wà. Ooru ibẹ̀ ń mú rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì difaransá gan, ọ́ìlì á sì jò sórí dísìkì búréèkì. Ẹ gbé ọkọ̀ lé ìdúró irin, kì í ṣe jáàkì nìkan, kí ẹ tó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Bí omi búréèkì bá ti ju ọdún 2 lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀: ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, písítìnnì búréèkì á sì dípẹtà.