Ṣé kí n mú Màmá lọ wo èbúté àtijọ́ Mystic?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Providence ni mò ń gbé níbí l'Amẹ́ríkà, màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú-Òde wá kí wa, ọkọ mi wá ní ká gbé wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ lọ Mystic Seaport ní Connecticut, pé ọkọ̀ òkun ayé àtijọ́ ló kún bẹ̀. Èmi ò mọ ohun tí ọkọ̀ òyìnbó apẹja fi kan màmá mi o, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Ṣé ká lọ ni àbí ká wá ibòmíì? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Láti ọ̀dọ̀ yín ò ju bíi wákàtí kan lọ téèyàn bá wakọ̀. Etí odò Mystic tó ń ṣàn lọ sínú òkun ló wà, 1929 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kì í sì í ṣe mùsíọ̀mù tí wọ́n kàn kó nǹkan sínú gíláàsì o, bí abúlé ló rí, ilé àtijọ́ ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ, ti àwọn tó ń kan àgbá onípákó, àti ilé gígùn gbọọrọ kan tí wọ́n ti ń lọ́ okùn ọkọ̀.

Inú ọkọ̀ Charles W. Morgan ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. New Bedford ni wọ́n ti kàn án ní 1841, igi ni, ìgbà 37 ló jáde lọ pa àbùùbùtán láàárín 80 ọdún, torí òróró ẹja yẹn ni wọ́n fi ń tan àtùpà nígbà tí kẹrosíìnì ò tíì dé. Lórí dẹ́ẹ̀kì ẹ máa rí ààrò bíríkì tó ní ìkòkò irin ńlá méjì, ojú òkun níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ ọ̀rá ẹja, iná ń jó lala lórí ọkọ̀ onígi! Kí àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo pákó tóóró táwọn òṣìṣẹ́ ń sùn lé níwájú ọkọ̀, aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Cape Verde náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n wo yàrá kápítéènì, bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀, bí ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún fì sósì, gbalaja ló máa wà.

Èyí tó kan Màmá gan-an wá rèé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan ọkọ̀ Amistad tuntun, tó bọ́ sómi ní 2000. Ní 1839, àwọn ọmọ Áfíríkà 53 tí wọ́n kó lẹ́rú, ẹ̀yà Mende láti apá Sierra Leone ló pọ̀ jù, gba Amistad àkọ́kọ́ mọ́ àwọn tó kó wọn lọ́wọ́ nítòsí Cuba, Sengbe Pieh ló ṣáájú. Wọ́n ní kí àwọn ará Sípéènì méjì tí wọ́n dá sí tukọ̀ lọ sílé Áfíríkà, àwọn méjèèjì ń tù ú síbẹ̀ lọ́sàn-án, tílẹ̀ bá ṣú wọ́n á yí i sápá Amẹ́ríkà, títí ọkọ̀ ìjọba fi mú wọn nítòsí Long Island, ó di New London, ẹ̀gbẹ́ Mystic níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gibbs ti yunifásítì Yale bá kọ́ oókan, eéjì, ẹẹ́ta lẹ́nu wọn, ó forí lé etí omi New York, ó ń kà á sókè láàárín àwọn atukọ̀, àfìgbà tí atukọ̀ kan tó ń jẹ́ James Covey gbọ́ ọ, tí èdè náà sì yé e. Wọ́n ti kó Covey náà lẹ́rú ní kékeré kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó di Sierra Leone, bíi ti Àjàyí Crowther wa ará Òṣogùn gẹ́lẹ́. Ìtàn Crowther ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún Màmá, ẹ máa rí i pé àwọn gan-an ló máa parí ẹ̀ fáwọn ọmọ. Oṣù kẹta 1841 ni kóòtù tó ga jù l'Amẹ́ríkà dá àwọn ọmọ Áfíríkà inú Amistad láre, àwọn 35 tó ṣẹ́ kù sì rílé padà.

Ní ti orúnkún, kí Màmá má sọ̀kalẹ̀ sínú Morgan, àkàbà ẹ̀ ò rọrùn, kí wọ́n máa gba afẹ́fẹ́ lórí dẹ́ẹ̀kì. Ilẹ̀ ibẹ̀ tó éékà 19, ẹ má ní ẹ fẹ́ wò ó tán lọ́jọ́ kan. Ẹ mú súwẹ́tà dání fún wọn, kí ẹ sì yẹ wẹ́ẹ̀bùsáìtì wò kẹ́ ẹ tó gbéra, torí Amistad máa ń rìn káàkiri, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń wà níbẹ̀.