Oorun ò jẹ́ kí n kàwé

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Mo ti padà sílé ìwé, mo dẹ̀ tún ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn. Tí n bá fi máa délé lálẹ́, ìwé á kàn wà láyà mi títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni. Kí ni kí n ṣe?

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Èmi náà ti sùn nínú mọ́tò kọjá Mọ́kọ́lá rí, kọ̀ńdọ́ ló jí mi l'Ọ́jọ̀ọ́! Má kàwé lálẹ́ mọ́ jàre, tètè sùn, kí o jí ní aago 4:30, wákàtí 1 péré ti tó kí ariwo àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀. Sọ fún ọ̀gá ẹ nípa ìdánwò láti ìsinsìnyí, má jẹ̀ẹ́ kó ku ọ̀la. Ọbẹ̀ ńkọ́? Sè é ní Sátidé kó má baà gba àsìkò ìwé ẹ, tí ò bá síná, ṣáà máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́.